Bẹ́ẹ̀dì tí mo ń yá ní Kew Gardens: ẹ má gba hot bed o

Oṣù kẹrin mi rèé nínú crash pad kan ní Kew Gardens, Queens, ní New York, àwọn ọ̀rẹ́ sì ń bi mí bóyá ó dáa, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ò bá mọ crash pad, ilé tí wọ́n to bẹ́ẹ̀dì alájà méjì sí bíi họ́sítẹ̀lì ni, àwọn páílọ́ọ̀tì àtàwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú báàlù ló ń sùn níbẹ̀. Wọ́n pọ̀ ládùúgbò yẹn débi pé "Crew Gardens" lẹlòmíì ń pè é, torí pápákọ̀ òfurufú JFK àti LaGuardia ò jìnnà sí i.

Houston ni ìyàwó àtàwọn ọmọ mi wà. Páílọ́ọ̀tì ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléeṣẹ́ báàlù ńlá ni, ẹni tuntun kì í sì í yan ibi tó wù ú, seniority ló ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ẹni tó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ló ń kọ́kọ́ yàn. Kódà nínú kíláàsì àwa tá a jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọjọ́ orí ni wọ́n fi tò wá, ẹni tó dàgbà jù ló wà lókè, mo rẹ́rìn-ín, mo ní àṣé òyìnbó náà mọ ẹ̀gbọ́n. Èmi wà nísàlẹ̀ pátápátá, ni wọ́n bá fi mí sí reserve ní New York: fóònù ni mò ń dúró dè, tí wọ́n bá ti pè báyìí, wákàtí méjì péré ni mo ní láti dé pápákọ̀ òfurufú.

Oṣù àkọ́kọ́ mo fẹ́ ṣọ́wó ná, mo gba hot bed, 275 dọ́là. Bẹ́ẹ̀dì tó bá ṣófo lo máa sùn sí, bẹ́ẹ̀díṣíìtì ẹ wà nínú ike ńlá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan báàlù tó gbé mi wá láti Houston pẹ́, aago kan òru ni mo wọlé, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ bẹ́ẹ̀dì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ èèyàn ló ń yọ níbi gbogbo. Orí àga pálọ̀ ni mo sùn, nígbà tó máa fi di aago márùn-ún fóònù ti dún. Mo ní ó ti rẹ̀ mí, mi ò lè fò. Probation ni mo wà o, wọ́n ṣì ń dán mi wò, àyà mi ń já! Àmọ́ mo rántí báàlù Colgan tó já nítòsí Buffalo ní February 2009, èèyàn 50 ló kú, ọ̀kan nínú àwọn páílọ́ọ̀tì méjèèjì wọ báàlù mọ́jú láti Seattle, inú crew room, yàrá àwọn òṣìṣẹ́ báàlù, ní pápákọ̀ Newark ló ti lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí òfin 1,500 wákàtí tó pa gbogbo wa lẹ́kún, ìyẹn iye wákàtí téèyàn máa fi wa báàlù kó tó lè di páílọ́ọ̀tì iléeṣẹ́ báàlù, òfin ìsinmi náà tẹ̀lé e ní 2014, wákàtí 10 kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin ò kúkú lè bá ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá láńléèdì, mo san 450 fún cold bed. Tèmi nìkan ni, orúkọ mi wà lára igi ẹ̀, kọ́tìnnì dúdú yí i ká, mo lè wà ní Houston fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́nikẹ́ni má fara kàn án. Ẹ sanwó yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Mọ́mì tó nilé ti ṣe hostess rí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn ò gba ìgbàkugbà: kò sí ọ̀rọ̀ sísọ nínú yàrá, ì báà jẹ́ ọ̀sán gangan, kọ́rídọ̀ lo ti máa lọ yúnífọ́ọ̀mù ẹ. Bọ́ọ̀sì Q10 ló ń gbé mi lọ JFK tààrà.

Èyí tó ń bí mi nínú ni balùwẹ̀ kan ṣoṣo fún èèyàn mẹ́wàá, aago mẹ́rin ìdájí ẹ máa rò pé ẹ wà nílé ojúkojú ní Mushin. Àti fíríìjì! Ìyàwó mi di ẹ̀fọ́ rírò fún mi, mo kọ orúkọ sára ike, wọ́n ṣì jẹ ẹ́ tán, wọn ò tiẹ̀ fọ ike. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn. Oṣù tó ń bọ̀, màá kọ ọ́ gàdàgbà sára ike yẹn pé oògùn ìgbẹ́ ló wà ńbẹ̀.