Èyí Tó Wà Nínú Páálí, Àbí Èyí Tí Wọ́n Fọwọ́ Wé? Ìfiwéra Pickup fún Jìtá Béèsì Onírú Àtijọ́

Ẹni tó ní jìtá béèsì tí a ṣe ní àwòṣe ìgbà àtijọ́, yálà Precision Bass tí Fender gbé jáde ní 1951 ni tàbí Jazz Bass tó tẹ̀lé e ní 1960, tó wá fẹ́ pààrọ̀ pickup rẹ̀ (òòfà tí wọ́n wé wáyà mọ́, tó ń gba ìró okùn ránṣẹ́ sí ampilifáyà), ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ó lè ra èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Seymour Duncan àti DiMarzio ti ṣe sínú páálí. Ó lè gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ ọwọ́ kan pé kó wé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó sì lè ní kí wọ́n tú wáyà inú ti tẹ́lẹ̀ dànù, kí wọ́n sì wé tuntun sí i lára. Ẹni tí kò tíì sanwó ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ohùn ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra ní ti ohùn. Wáyà bàbà oníwọ̀n 42, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 0.063 lọ, ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Bí wọ́n bá wé e pọ̀ sí i, ohùn á lágbára sí i, ṣùgbọ́n mímú rẹ̀ á dín kù. Ilé iṣẹ́ ti bá yín pinnu èyí. Oníṣẹ́ ọwọ́ á bi yín léèrè. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye ohm (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná) nìkan tajà fún yín, nítorí wáyà tó bá tún tín-ín-rín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ á gbé iye yẹn ga láìjẹ́ pé wọ́n wé e pọ̀ sí i. Ní ti òòfà, Alnico 5, òòfà tí wọ́n fi irin alumíníọ́mù, níkẹ́lì àti kóbáltì pò, ni kí ẹ bá wọn sọ. Òòfà ceramic kò wọ́n, àmọ́ kì í ṣe ohùn àtijọ́ ló ń mú wá. Ní ti owó àti àkókò, ti inú páálí ló sábà máa ń dínwó jù, ó sì ń tètè dé, nígbà tí ti oníṣẹ́ ọwọ́ lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tilẹ̀ gba oṣù.

Ìwọ̀n gígùn kì í ṣe ohun àfojúfò. Lára Jazz Bass ti Fender, tó ní pickup méjì, pickup ẹ̀yìn fi nǹkan bíi mìlímítà 3 gùn ju ti ọrùn lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jìtá tí wọ́n ṣe ní àwòṣe rẹ̀ ló ń lo gígùn kan náà fún méjèèjì. Ẹ fi rúlà wọn ihò inú igi kí ẹ tó bèèrè iye owó.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa ni ìbáramu pickup méjèèjì. Bí ẹ bá ṣí ẹyọ kan ṣoṣo lára pickup Jazz Bass, ó ń kùn. Ohun tó ń pa kíkùn náà ni pé wọ́n wé wáyà ọ̀kan sí òdìkejì ti èkejì, wọ́n sì tún yí ojú òòfà rẹ̀ padà. Wáyà ló ń gba kíkùn wọlé, òòfà kò bá a dá sí i. Nítorí náà, bí fólúúmù méjèèjì bá wà ní òkè pátápátá, kíkùn ti apá kan á pa ti èkejì. Ohùn okùn ní tirẹ̀ gba inú òòfà àti wáyà kọjá, a sì ti yí méjèèjì padà, ìdí nìyẹn tí ohùn kò fi pa ara rẹ̀. (Ẹni tó ní Precision Bass lè fo apá yìí: láti 1957 ni pickup rẹ̀ ti pín sí méjì tó ń pa kíkùn ara wọn.)

Mo ra ti ọrùn nìkan nínú páálí lọ́wọ́ òǹtajà kan, nítorí ti ẹ̀yìn ṣì dára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan dún bó ṣe yẹ. Àmọ́ bí mo bá ṣí méjèèjì pọ̀, ìsàlẹ̀ ohùn á pòórá, okùn E á máa dún bí béèsì tó ń jáde láti inú tẹlifóònù kékeré. Ẹni tó ń bá mi tún jìtá ṣe gbé wáyà méjì tó jáde lára rẹ̀ sí ipò ara wọn. Ìsàlẹ̀ ohùn padà, ṣùgbọ́n kíkùn bá a wọlé, kò sì sí ibi tí mo yí fólúúmù sí tó gbọ́. Ojú òòfà méjèèjì ló kọ sí ibì kan náà, pípààrọ̀ wáyà kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Òǹtajà ní òun ti dán ọjà wò, kò ní àbùkù, owó kò ní padà. Òótọ́ ni, ọjà náà kò ní àbùkù. Ohun tí wọn kò kọ sára páálí ni mo ń bá a jà lé lórí. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé iná láìsí wáyà ilẹ̀ tó péye, ẹ kò lè fi irú kíkùn bẹ́ẹ̀ pamọ́ nígbà tí orin bá rọlẹ̀ tí pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le, ẹ sì lè ṣe é lórí tábìlì kí irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì tó kan wáyà kankan. Ẹ gbé kọ́ńpáàsì sún mọ́ orí òòfà pickup àkọ́kọ́, kí ẹ wo etí abẹ́rẹ́ tó yíjú sí i, kí ẹ wá ṣe bákan náà sí èkejì. Etí kan náà kò gbọdọ̀ yíjú sí méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ so mítà alábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wọn iná mọ́ wáyà méjèèjì tó jáde lára pickup, kí ẹ fi irin sukudíráfà kan orí òòfà fẹ́rẹ́: abẹ́rẹ́ mítà á ta sí apá kan. Ìhà tó ta sí lára ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ta sí lára èkejì, bí ẹ bá so mítà náà bákan náà.

Oníṣẹ́ ọwọ́ tó wá bá mi wé ẹnìkejì pickup mi kò tíì dárúkọ owó tó fi ní kí n ya fọ́tò kọ́ńpáàsì lórí èyí tó kù, kí n sì fi gígùn ihò méjèèjì ránṣẹ́. Títí di òní, jìtá náà ń dákẹ́ nígbà tó yẹ kó dákẹ́. Ó tún bi mí bóyá kí òun rì í sínú ìda tàbí kí òun má rì í, nítorí èyí tí kò mu ìda lè máa han gooro nítòsí ampilifáyà tí wọ́n ṣí sókè. Mo ní kó rì í.

Títún wé ti tẹ́lẹ̀ dára fún jìtá tó jẹ́ ti àtijọ́ ní tòótọ́, nítorí òòfà rẹ̀ àti ohun tí wáyà wé mọ́ ṣì jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tíì kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú u: wáyà tí a bá tú kúrò kò tún ṣeé dá padà.

Níkẹyìn, olówó ló ń yan ọjà. Fún Precision Bass, ti inú páálí tó. Fún ẹni tó ń pààrọ̀ méjèèjì lára Jazz Bass, páálí tí wọ́n ti kó wọn pọ̀ ní méjìméjì kò burú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó díẹ̀ tí ẹ bá fi kún un á gbé yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wé e bí ẹ ṣe fẹ́. Fún ẹni tó ń pààrọ̀ ẹyọ kan, oníṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ wá lọ. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá sì fẹ́ sanwó fún, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta lórí ìwé: báwo ló ṣe gùn tó, ojú òòfà wo ló kọjú sókè, apá wo ni wọ́n wé wáyà sí? Bí kò bá lè dáhùn ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta, ẹ wá ẹlòmíràn.