Àgbéyẹ̀wò kọ́ọ̀sì alágbọ́ lórí lítíréṣọ̀ èdè Sípáníìṣì: ibi tó gbé mi dé àti ibi tí kò dé

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò mú yín rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ lítíréṣọ̀ èdè Sípáníìṣì títí dé ìgbà tiwa yìí, kọ́ọ̀sì yìí tó owó tí wọ́n ń gbà lé e. Mo ti gbọ́ ọ dé òpin, mo sì ti padà sídìí àwọn apá kan nínú rẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí irú rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ ṣe lè dá èyí tó dára mọ̀ láàárín wọn ni mo fẹ́ sọ.

Alágbọ́ ni. Ẹ ó máa san owó oṣooṣù, ẹ ó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sórí fóònù, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ tàbí nídìí iṣẹ́ ilé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ náà fi ń ṣàlàyé, àmọ́ gbogbo ewì àti àyọkà ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà ní Sípáníìṣì kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Ìwé pélébé kan ń tẹ̀ lé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, tí àyọkà náà wà nínú rẹ̀ ní èdè méjèèjì. Lítíréṣọ̀ Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kúbà ló gbé mi dé ìdí Sípáníìṣì: mo fẹ́ fi ojú ara mi ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀ nípa òrìṣà, láìdúró de ògbufọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wú mi lórí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn lítíréṣọ̀ náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ewì akọni nípa Cid, jagunjagun Sípéènì àtijọ́ kan. Jarcha ni kọ́ọ̀sì yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ní apá gúúsù Sípéènì, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ń jọba níbẹ̀, àwọn akéwì tó ń kéwì ní èdè Lárúbáwá àti Hébérù a máa fi ìlà díẹ̀ kásẹ̀ ewì wọn nílẹ̀ ní èdè tí wọ́n ń sọ ní ìgboro, èdè tó jẹ́ ìbátan Sípáníìṣì. Ohùn ọmọbìnrin ló sábà máa ń wà nínú àwọn ìlà náà: olólùfẹ́ rẹ̀ ti lọ, ó wá ń bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí òun yóò ṣe. Díẹ̀ nínú wọn ti wà láti ọ̀rúndún kọkànlá. Àmọ́ lẹ́tà Lárúbáwá tàbí ti Hébérù ni wọ́n fi kọ wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fara sin títí di 1948 tí onímọ̀ kan, Samuel Stern, tẹ àlàyé rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá gbọ́ èyí kò ní rò mọ́ pé idà àti ẹṣin ni lítíréṣọ̀ yìí fi dáyé.

Nígbà tí wọ́n wá dé orí Cid fúnra rẹ̀, olùkọ́ náà kò ṣe é bí ohun tí ènìyàn jókòó kà. Wọ́n ní àwọn apohùn tí wọ́n ń pè ní juglar, tó ń ti ìlú dé ìlú, ló ń ké e fún àwùjọ. Ìlà rẹ̀ lé ní 3,700. Ẹ̀dà àtijọ́ kan ṣoṣo ló kù, ó sì wà ní ibi ìkówèésí orílẹ̀-èdè ní Madrid, pẹ̀lú orúkọ Per Abbat àti déètì tó jẹ́ ọdún 1207 tiwa ní ìparí rẹ̀. Nínú ewì náà, wọn kì í dárúkọ akọni lásán. "Ẹni tí a bí ní wákàtí ire" ni, "ẹni tó sán idà ní wákàtí ire" ni. Ta ló ń sọ fún ọmọ Yorùbá pé oríkì nìyẹn? Iṣẹ́ tí oríkì ń ṣe lẹ́nu oníjàálá náà ló ń ṣe níbẹ̀: ó ń gbé akọni ga, ó sì ń fún apohùn láyè kó rántí ohun tó kàn.

Wọ́n sáré kọjá lórí Berceo àti àwọn àlùfáà ọ̀rúndún kẹtàlá tó ń kọ ewì onílà mẹ́rin-mẹ́rin, n kò sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n La Celestina ti 1499, ìwé tó jẹ́ ìtàkùrọ̀sọ látòkèdélẹ̀, tí ẹ ò mọ̀ bóyá eré ni kí ẹ pè é tàbí ìtàn àròsọ, yẹ fún ju ohun tí wọ́n fún un lọ.

Ohun tó mú kí n máa san owó lọ ni bí kọ́ọ̀sì yìí ṣe ń so ìwé kan mọ́ èkejì. Àwọn mìíràn tí mo ti gbọ́ máa ń to orúkọ ìṣọwọ́kọ̀wé sílẹ̀, wọ́n á fún yín ní ọdún, wọ́n á dárúkọ ènìyàn mẹ́ta, wọ́n á kọjá. Èyí ń fi ẹni tí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ń dá lóhùn hàn yín. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Lazarillo de Tormes, tó jáde ní 1554 láìsí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ka ojú ìwé kan nínú Amadís, ìtàn àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin tí gbogbo ènìyàn ń kà nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ka ìbẹ̀rẹ̀ Lazarillo: ọmọ tálákà tí ìyá rẹ̀ fà lé afọ́jú kan lọ́wọ́, tó ń ti ọwọ́ ọ̀gá kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, tó ń jalè kó tó jẹun. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ọmọlúwàbí ẹnu lásán, tí ebi ń pa mọ́lé, tó sì ń tayín ní ìta kí aráyé lè rò pé ó ti yó. Bí lẹ́tà sí àgbà kan ni ọmọ náà ṣe kọ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka lẹ́tà Sẹ̀gilọlá tí ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ̀ ní 1929 àti 1930 yóò dá ọgbọ́n náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní 1559, ìwé náà bọ́ sínú àtòkọ àwọn tí ìjọ Kátólíìkì ní Sípéènì fòfin dè. Láti ibẹ̀ ni irú ìtàn kan ti gbilẹ̀, ìtàn ọmọ ìgboro tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ayé.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Cervantes ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin yìí jagun ní Lepanto ní 1571, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì wúlò fún un mọ́ lẹ́yìn náà; ó lo ọdún márùn-ún ní ìgbèkùn ní Algiers. Apá kìíní Don Quijote, ìtàn àròsọ rẹ̀, jáde ní 1605. Ní 1614, ẹnìkan tó fi orúkọ Avellaneda bojú tẹ apá kejì tí kì í ṣe ti Cervantes jáde. Nígbà tí Cervantes gbé apá kejì tirẹ̀ jáde ní 1615, àwọn ènìyàn inú ìtàn náà ti ka apá kìíní, wọ́n ti gbọ́ nípa ayédèrú náà, Quijote fúnra rẹ̀ sì yí ọ̀nà padà, ó kọ̀ láti lọ sí ìlú tí ayédèrú ní ó lọ. Mo dá fóònù dúró níbi yẹn, mo jókòó. Ìtàn àròsọ ti mọ̀ pé ìtàn àròsọ ni òun, ní ọdún 1615!

Lórí eré, wọ́n ṣe Lope de Vega dáadáa, bó ṣe jà fún eré tó da ẹkún pọ̀ mọ́ ẹ̀rín nínú ìwé tó kọ ní 1609. Ti Góngora ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n sáré ka ewì rẹ̀, ìtumọ̀ inú ìwé pélébé náà sì wúwo, bẹ́ẹ̀ Góngora ni akéwì tó nílò sùúrù jù lọ nínú wọn. Sor Juana, obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Mẹ́síkò, gba ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i. Ẹ má ṣe fo lẹ́tà rẹ̀ ti 1691, níbi tó ti gbèjà ẹ̀tọ́ obìnrin láti kàwé.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni kọ́ọ̀sì náà ti rọ̀. Galdós àti Clarín, àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ Sípéènì, wà níbẹ̀, Martín Fierro, ewì gígùn ti Ajẹntínà, náà wà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan péré ni wọ́n fún Juan Francisco Manzano, ó sì dùn mí gan-an. Ẹrú ni Manzano, Kúbà ni wọ́n bí i sí. Ní 1835 ló ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ nítorí pé Domingo del Monte, òǹkọ̀wé kan ní Kúbà, bẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀rẹ́ del Monte dáwó jọ ra òmìnira fún un. Lọ́ńdọ̀nù ni ìwé náà ti kọ́kọ́ jáde ní 1840, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Sípáníìṣì tó fi kọ ọ́ kò rí títẹ̀ títí di 1937. Àwọn ọdún tí Ọ̀yọ́ ń tú, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Kúbà, náà ni ọkùnrin yìí ń kọ̀wé. Báwo ni ẹ ṣe máa kọ́ni ní ọ̀rúndún yẹn kí ẹ sáré kọjá lórí rẹ̀?

Láti Rubén Darío lọ, agbára kọ́ọ̀sì náà padà. Azul, ìwé ọmọ Nikarágúà yìí, jáde ní Valparaíso ní Ṣílè ní 1888, láti ìgbà náà ni àwọn akéwì Sípéènì ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n dé 1927, mo rí ìdí tí mo fi fẹ́ kí wọ́n ti fara balẹ̀ lórí Góngora: ayẹyẹ ọ̀ọ́dúnrún ọdún ikú rẹ̀ ló kó akéwì Lorca àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní Seville, orúkọ ọdún yẹn ni wọ́n sì ń jẹ́ títí dòní. Ní 1936 ni wọ́n pa Lorca.

Nicolás Guillén, akéwì Kúbà, rí ààyè tó. Ní 1930 ló mú son, orin ijó ìgboro Kúbà, wọ inú ewì. Ní 1947 ó tẹ ewì kan jáde níbi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti ní Yorùbá ni òun, Yorùbá Lúkúmí (orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Kúbà) sì ni òun fi ń sunkún. Olùkọ́ náà kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì kà á dáadáa. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dárúkọ Lydia Cabrera, òǹkọ̀wé obìnrin ọmọ Kúbà, wọ́n ní El monte rẹ̀ ti 1954 jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí nípa àṣà, pé kì í ṣe lítíréṣọ̀, wọ́n sì kọjá. N kò gbà. Inú ìwé náà ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà Kúbà wà bí wọ́n ṣe sọ ọ́, nípa ewé, igi àti òrìṣà, pẹ̀lú ìtàn lórí ìtàn. Bí ẹsẹ Ifá bá jẹ́ lítíréṣọ̀, El monte jẹ́ lítíréṣọ̀.

Mo lè sọ ìyókù ní kúkúrú. Wọ́n fi Pedro Páramo ti Juan Rulfo, 1955, ṣáájú ìwé García Márquez ti 1967, bó ṣe yẹ, torí ẹni tó ti bá àwọn òkú tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé Rulfo pàdé kò ní ṣe kàyéfì ní Macondo, ìlú inú ìwé García Márquez. Elena Garro náà wà níbẹ̀, obìnrin tí ọ̀pọ̀ ìtàn ìgbà yẹn máa ń fo.

Ohun tí kò sí rárá ni Áfíríkà. Equatorial Guinea, tó gba òmìnira lọ́wọ́ Sípéènì ní 1968, tí erékùṣù Bioko rẹ̀ kò jìnnà sí Calabar, kò jẹ yọ níbì kan. María Nsué kọ Ekomo ní 1985, Donato Ndongo tẹ Las tinieblas de tu memoria negra jáde ní 1987. Sípáníìṣì ni wọ́n fi kọ méjèèjì. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà nípa rẹ̀. Wọ́n dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé àwọn yóò wò ó.

Ohùn olùkọ́ náà mọ́, kò sì gba dátà púpọ̀. Ìdánwò wọn kò wúlò, torí ọdún nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Dọ́là ni wọ́n ń gbà, nítorí náà ẹ rí i pé káàdì yín lè sanwó lókè òkun kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Bí owó oṣooṣù bá wúwo, ẹ san ti oṣù kan, kí ẹ gba jarcha, Cid, Lazarillo, Cervantes àti Guillén sórí fóònù. Ẹ lè ka púpọ̀ nínú àwọn ìwé àtijọ́ fúnra wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Biblioteca Virtual Miguel de Cervantes, èyí tí Yunifásítì Alicante bẹ̀rẹ̀ ní 1999. Lazarillo ni kí ẹ kọ́kọ́ kà: ó kúrú, ó ń pani lẹ́rìn-ín, ẹni tí Sípáníìṣì rẹ̀ kò tíì jinlẹ̀ náà lè fi ìwé atúmọ̀ èdè kà á já.