Iṣẹ́ abẹ gbòǹgbò eyín tí mo ṣe n'Ìbàdàn: èjí mi ṣì wà lẹ́nu

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti sanwó root canal (kí wọ́n gba orí eyín wọlé, kí wọ́n fọ inú gbòǹgbò rẹ̀, kí wọ́n sì dí i) lórí eyín iwájú mi kan lókè, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Eyín ọ̀hún ò dùn mí mọ́ o, àmọ́ oówo kékeré kan ò yéé hù sí èrìgì òkè rẹ̀. Á wú, á bẹ́, ọyún á dà sí mi lẹ́nu. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ méjì, á tún dé. Ìyá mi ní kí n máa fi kànáfùrù sí i. Níkẹyìn, wọ́n ní ká kúkú yọ eyín náà. Ẹ gbà mí o, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó di èjí mi ni! Tí ẹ bá yọ ọ̀kan, kí ló kù? Àlàfo lásán.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló darí mi sí dókítà gbòǹgbò eyín kan n'Ìbàdàn. Nínú X-ray, ó fi àpá dúdú kan hàn mí ní ṣóńṣó gbòǹgbò: egungun tí àrùn ti jẹ. Ó ní a ò ní gba orí eyín wọlé mọ́, òun á la èrìgì díẹ̀, òun á gé ṣóńṣó náà ní ìwọ̀n mìlímítà 3, torí ibẹ̀ ni àwọn ihò tín-ín-tìn-ín tí kòkòrò ń sá sí pọ̀ sí jù, òun á wá dí ojú rẹ̀ pa.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ibẹ̀ kú nìkan ló dùn mí. Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo ẹ̀rọ ni mò ń gbọ́, dókítà sì tẹjú mọ́ máíkírósíkópù bí ẹni ń tún aago ọwọ́ ṣe. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Ó gbé ohun tó gé hàn mí lórí aṣọ funfun: kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. MTA tó fi dí i, ìran símẹ́ńtì ìkọ́lé ni, wọ́n kàn yọ́ ọ mọ́ ni. Ọ̀rinrin gan-an ló ń mú un le. Ọkọ mi, bíríkìlà, ní kí wọ́n má gbàgbé láti máa bu omi rin ín.

Ohun tó bí mi nínú ni pé wọn ò sọ fún mi pé wíwú rẹ̀ á tún le sí i lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà gan-an ni mo wọ mọ́tò padà. Agbára abẹ́rẹ́ tó pa ibẹ̀ kú ti tán kí a tó kúrò ní Ọ̀yọ́, gbogbo kòtò tó wà títí dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ètè mi kà. Àwa tí à ń jẹ ọkà ká tó mùkọ, ẹ̀kọ nìkan ni mo mu fún ọjọ́ mẹ́rin.

Owó rẹ̀ ju ti root canal méjèèjì pọ̀ lọ, inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ mi ò sì fi kọ́bọ̀ sí i. Ẹ sì mọ̀ pé tí gbòǹgbò bá ti là, iṣẹ́ yìí ò lè gbà á, yíyọ náà ni.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n yọ òwú tí wọ́n fi rán èrìgì náà. Nínú X-ray tí wọ́n yà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, egungun ti ń kún àpá dúdú náà, oówo ò sì hù mọ́. Ibẹ̀ ṣì máa ń ṣe mí bákan tí pákò bá kàn án. Wọ́n ní kí n tún wá tó bá pé oṣù méjìlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìbàdàn ni màá sùn.