exFAT lórí dúráìfù tó ń lọ láti Mac sí Windows sí Linux: ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ní Èkó

Bí dúráìfù yín kò bá ní kúrò lára kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹ má wulẹ̀ fi exFAT, ìyẹn ọ̀kan nínú ọ̀nà tí dúráìfù ń gbà to fáìlì sórí ara rẹ̀, da ara yín láàmú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú tèmi ni, tó ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn káàkiri ìlú, exFAT ni kí ẹ mú. Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ iná wa, mo sì máa sọ ọ́ kúnná.

Ìwé ètò ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú àti álíbọ́ọ̀mù fọ́tò ni mò ń tò. Mac ni mo fi ń ṣe é nílé ní Sùúrùlérè. Àwọn tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú, Windows ni gbogbo wọn ń lò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi tún fọ́tò ṣe ní Àkọkà kò sì fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan mìíràn ju Ubuntu, ìyẹn irú Linux kan, lọ. Dúráìfù kan náà ló ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo wa: WD Elements oní-1TB, kékeré tó lè wọ báàgì ọwọ́, tí kò nílò iná ọ̀tọ̀, wáyà USB rẹ̀ náà ló fi ń gba iná. Windows á pè é ní 931GB, Mac á pè é ní 1TB. Bí oníkálukú wọn ṣe ń kà á ló yàtọ̀, ẹ má bá ẹni tó tà á fún yín jà.

NTFS, ọ̀nà ìtò fáìlì mìíràn, ló wà lórí rẹ̀ látinú páálí. Microsoft ló ni NTFS, ó ti wà láti 1993, iṣẹ́ rẹ̀ sì dára gan-an lórí Windows. Mac máa ń ka ohun tó bá wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kọ nǹkan sí i àyàfi tí ẹ bá fi ètò mìíràn kún Mac náà. Ibí yìí ló ti máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Wọ́n á ṣí fáìlì, á ṣí. Wọ́n á wo fídíò, á lọ geere. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ da iṣẹ́ tuntun sí i ni Mac á kọ̀ jálẹ̀. Dúráìfù yín kò bàjẹ́ o. Ẹ má sáré gbé e lọ fún ẹ́ńjíníà.

Bí ẹ bá sì fi APFS sí i, èyí tí Apple gbé jáde fún Mac ní 2017, ẹ dé Ṣómólú tán, kò ní hàn nínú This PC rárá. FAT32 ńkọ́? Kò sí kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò lè gba fáìlì kan tó bá tó 4GB. Fídíò ìgbéyàwó Èkó wo ni kò ní ju 4GB lọ? Ìwọlé ìyàwó nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí exFAT fi borí. Microsoft ló gbé e jáde ní 2006. Mac ti ń kà á, ó sì ti ń kọ ọ́, láti ẹ̀yà 10.6.5 ní 2010. Linux ló pẹ́ jù, àfi ìgbà tí Microsoft tẹ ìlànà rẹ̀ síta fún gbogbo ayé ní 2019, tí kernel 5.4, ìyẹn ọkàn Linux, sì gbà á wọlé lọ́dún kan náà. Láti ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń lo Ubuntu tuntun, kò tún fi nǹkan kan kún un mọ́, ó kàn ń kì í bọ̀ ọ́ ni. Àní káàdì tó wà nínú kámẹ́rà àwọn onífídíò, èyí tó bá ti ju 32GB lọ, exFAT náà ló máa ń wà lórí rẹ̀.

Fífọ́máàtì rẹ̀ kò le, kìkì pé yóò nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ kó ẹrù yín kúrò. Lórí Mac, ẹ ṣí Disk Utility, ẹ lọ sí View, ẹ mú Show All Devices. Ẹ má fo ibí yìí, nítorí bí ẹ kò bá ṣe é, Scheme kò ní hàn. Ẹ tẹ orúkọ tó wà lókè pátápátá, ẹ tẹ Erase, kí ẹ mú ExFAT, kí ẹ sì mú GUID Partition Map ní Scheme. Lórí Windows, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ dúráìfù náà nínú This PC, ẹ mú Format, ẹ mú exFAT, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó kan ọ̀rọ̀ iná wàyí. NTFS dà bí alájọ tó kọ́kọ́ máa ń sàmì sí káàdì kó tó ju owó sínú àpò: bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ lójijì, káàdì á sọ ibi tí wọ́n bá a dé. exFAT kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹnìkan ń kọ nǹkan sí i lọ́wọ́, kò mọ ibi tí òun dúró sí, àwọn fáìlì tí ẹ kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn sì lè bá a lọ. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí dúráìfù mi níbi ìtẹ̀wé kan. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tí kò ní UPS ni wọ́n fi ń sèéfù PDF tí wọ́n tún ṣe. Bọ̀dá tó wà nídìí rẹ̀ pè mí: “Àǹtí, ẹ má bínú, iná ti lọ o, a ṣì ń sèéfù ẹ̀ lọ́wọ́ ni.” Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, fódà kan ti di òfìfo. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé, nítorí náà iṣẹ́ kò dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà ńkọ́?

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ lọ sí Command Prompt lórí Windows, ẹ tẹ chkdsk E: /f, kó lè yẹ dúráìfù náà wò kó sì tún un ṣe, kí ẹ fi lẹ́tà dúráìfù tiyín rọ́pò E. Lórí Mac, First Aid inú Disk Utility ni. Mac tún lè máa yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó jẹ́ kó hàn, èyí sì lè pẹ́ lórí dúráìfù ńlá. Ẹ ní sùúrù, ẹ má fà á yọ.

Nítorí èyí, dúráìfù méjì ni mo ní báyìí. Èyí tó wà lórí APFS kì í jáde nílé, òun ni ojúlówó iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ti exFAT ló ń wọ dánfó. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dára ni mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kì í bọ̀ ní Ṣómólú, kí wọ́n sì tẹ Eject kí wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ má sì retí pé Time Machine, ètò tí Mac fi ń ṣe ẹ̀dà fáìlì pamọ́, á gba exFAT, kò ní gbà á.

Ó tún máa ń fi àyè ṣòfò bí fáìlì kéékèèké bá pọ̀. Lórí 1TB, 128KB ni Windows máa ń gé àyè sí, nítorí náà fáìlì oní-2KB náà á gba 128KB. Kó 10,000 irú rẹ̀ jọ, ó ti ju 1GB lọ. Zip ni mo máa ń fi di fódà fọ́ọ̀ǹtì mi kí n tó dà á sí i. Ní ti tẹlifíṣọ̀n, àwọn kan ń ka exFAT, àwọn kan kì í kà á. Ẹ dán tiyín wò kí ẹ tó pe àlejò jọ.

Bó bá jẹ́ pé Computer Village ní Ìkẹjà lẹ ti fẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe é, ẹ dárúkọ exFAT fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí Windows ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn ń lò, NTFS ló sì máa ń yá wọn lọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n kì í bọ Mac kan àti Windows kan lójú yín, kí wọ́n sì da fáìlì tó ju 4GB lọ sí i láti orí méjèèjì, kí ẹ tó sanwó.