Kábà ni tàbí Lọ́kọ́jà?

Bí Amẹ́ríkà bá ní kí Nàìjíríà fa ọmọ Ìjùmú kan, ní ìpínlẹ̀ Kogí, lé òun lọ́wọ́, tí ẹbí fẹ́ ta kò ó, ilé ẹjọ́ wo ni kí wọ́n gbà lọ? Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ tó wà ní Kábà sún mọ́lé. Ẹlẹ́rìí á jẹun nílé kó tó gbéra. Ṣùgbọ́n abala 251 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti fi ọ̀rọ̀ yìí, pẹ̀lú ti ìwé ìrìnnà àti físà, sábẹ́ ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ó di Lọ́kọ́jà nìyẹn, bí kò bá jẹ́ Àbújá.

Àwọn lọ́yà kan á ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn làwọn bá wá sí Kábà, wọ́n á na abala 46 ìwé òfin kan náà síta, èyí tó ní kí ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ní ìpínlẹ̀ náà. Ọgbọ́n ni o! Àmọ́ bí adájọ́ tí kò lágbára lórí ẹjọ́ bá tiẹ̀ dá yín láre, asán ni. Èmi ò ní ṣahun owó mọ́tò Lọ́kọ́jà.