Mo lo Reverse Beacon Network fún ìdíje: ẹ gbọ́ tẹnu mi

Wátì 100 ni mo fi ń ṣe ham radio (rédíò tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ìgbádùn), wáyà kan ṣoṣo tí mo ta mọ́ igi ẹ̀yìnkùlé wa ní Leeds sì ni áńtẹ́nà mi. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá pe CQ (ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́) tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, bí ẹni ń ṣẹ́jú lókùnkùn ni. Ṣé wáyà ló já ni, àbí bándì (ẹgbẹ́ ìgbì tí mò ń lò) ló kú, àbí wọ́n ń gbọ́ mi tí wọn ò kà mí sí? Ní báyìí, mo máa pe CQ lẹ́ẹ̀mejì ní Morse (àmì kúkúrú àti gígùn), mo máa ṣí Reverse Beacon Network (RBN), ìkànnì tí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń tẹ́tí kárí ayé ń kéde ẹni tí wọ́n gbọ́ sí, kò sì ní í pẹ́ tí mo fi máa rí i: Jámánì gbọ́ mi ní dB 24 (bí àmì mi ṣe ga ju ariwo lọ tó), Amẹ́ríkà gbọ́ mi ní 7, ìyára ọwọ́ mi jẹ́ ọ̀rọ̀ 26 ní ìṣẹ́jú kan. Kọ́bọ̀ wọn ò gbà.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń yin nǹkan yìí. Nígbà tiwọn, bí ẹnì kan bá gbọ́ orílẹ̀-èdè tó ṣọ̀wọ́n, tẹlifóònù tàbí rédíò ìgbì mítà 2 ni wọ́n fi ń ta ara wọn lólobó. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni Dick Newell, AK1A (orúkọ ìpè rẹ̀ lórí rédíò), kọ ètò PacketCluster ní Amẹ́ríkà: kọ̀ǹpútà ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ẹnì kan tẹ ìkéde, gbogbo àdúgbò rí i. Íntánẹ́ẹ̀tì wá sọ àdúgbò di gbogbo ayé, àmọ́ èèyàn ṣì ló ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọdún 2008 ni Alex Shovkoplyas, VE3NEA, gbé ètò kọ̀ǹpútà CW Skimmer jáde, tó lè ka Morse ọgọ́rọ̀ọ̀rún ibùdó pa pọ̀. Àwọn tó fínnúfíndọ̀ gbé e kalẹ̀ sílé wọn lórílẹ̀-èdè lóríṣiríṣi, wọ́n so ó pọ̀. RBN nìyẹn.

Nínú ìdíje àgbáyé CQ WW ti Morse, ní ìparí oṣù kọkànlá, wákàtí 48 la fi ń sáré bá ibùdó tó pọ̀ sọ̀rọ̀. Orílẹ̀-èdè tuntun kọ̀ọ̀kan àti ẹkùn kọ̀ọ̀kan nínú 40 tí wọ́n pín ayé sí ló ń sọ máàkì di púpọ̀, lórí bándì kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá so RBN mọ́ N1MM, ètò tí mo fi ń kọ àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà á kún fọ́fọ́ kí n tó mu tíì mi tán. Wàhálà rẹ̀ ni pé ohun tí mò ń rí náà ni gbogbo ayé ń rí. Bí ibùdó kan tí orúkọ ìpè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N bá yọ láti Nàìjíríà, tàbí TY láti Bẹ̀nẹ̀, kó tó pe CQ lẹ́ẹ̀kẹta wọ́n ti rọ́ lù ú bí eṣú, orí ìgbì kan náà gẹ́lẹ́ ni gbogbo wọn sì ń pè, torí pé ibì kan náà ni gbogbo wọ́n tẹ̀. Èmi kì í bá wọn já a. Mo máa ń yẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí n kọ́kọ́ lọ bá àwọn mìíràn ná.

Ẹ má sì gbàgbé etí yín sílé. Bí ìgbì bá ń lọ tó ń bọ̀, àmì kúkúrú kan lè jábọ́ nínú ohun tí kọ̀ǹpútà ń kà, kí H (kúkúrú mẹ́rin) di S (mẹ́ta). Lọ́dún kan, mo tẹ ìkéde kan, mo pe onítọ̀hún, ó dáhùn, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ láìtíì gbọ́ orúkọ ìpè ẹ̀ rárá. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ò sí láyé. Máàkì lọ, ìtanràn tẹ̀ lé e. Ọ̀lẹ mi ló fà á.

RBN ò wúlò fún ìdíje ohùn ti oṣù kẹwàá, torí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ibùdó tó ń tẹ́tí nílẹ̀ Áfíríkà ò tíì pọ̀. Tí ẹ bá sì lò ó, ẹ ti kúrò láàárín àwọn tó ń dá jà láìsí ìrànlọ́wọ́. Èmi pa á lọ́dún kan, máàkì mi wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mo gbádùn ìdíje yẹn ju gbogbo èyí tí mo ti ṣe lọ.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ gbé wáyà náà sókè ní mítà méjì, kí n wo bóyá 7 ti Amẹ́ríkà á di 10.