Ihò Igi Tàbí Ìtẹ́ Ewé: Èwo Ló Sàn fún Ọ̀kẹ́rẹ́?

Nínú igbó ilẹ̀ olóoru, ihò igi kì í ná ọ̀kẹ́rẹ́ ní wàhálà púpọ̀, òjò kì í sì í tètè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n igi àgbà ló sábà máa ń ní in, bí ejò bá sì gba ẹnu rẹ̀ wọlé, àwọn ọmọ kò ní ríbi sá gbà, ewu tó wúwo jù lójú tèmi. Ìtẹ́ ewé gba iṣẹ́: ọ̀kẹ́rẹ́ á fi eyín gé ẹ̀ka tútù tewétewé, á hun ún pọ̀, á sì fi ohun rírọ̀ tẹ́ inú rẹ̀. Ìjì lè tú u ká. Síbẹ̀, pẹ̀lú ewu ejò náà, abiyamọ ni ihò bá mu jù, pàápàá lásìkò òjò. Níbi tí wọ́n bá ti gé igi àgbà tán, ìtẹ́ ewé ló yẹ.